Ohun Èlò Orin Oníná àti Olórin Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Béèrè

Ẹ̀yin olórin, ẹ̀yin onílù, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀yin la kọ èyí fún. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi wá lónírúurú ọ̀nà: ṣé ẹ̀rọ ló ń darí orin wa báyìí ni? Èmi gbà pé kò sí ẹ̀rọ orin tí èrò ẹni tó ṣe é kò sí nínú rẹ̀. Olórin tí kò bá mọ èrò yẹn á kàn máa tẹ̀lé e kiri. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè mú ẹ̀rọ náà lọ síbi tó wù ú. Nítorí náà, ibi tí èrò yẹn fara pa mọ́ sí ni mo máa fi hàn yín jù.

Gìtá ń lo iná, kíbọ́ọ̀dù náà ń lo iná. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀?

Iṣẹ́ tí iná ń ṣe nínú wọn ni. Okùn irin ló ń gbọ̀n lára gìtá. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ okùn á sọ gbígbọ̀n yẹn di iná, ámpù á sì gbé e sókè. Bí wọ́n bá mú iná lọ, okùn ṣì ń dún, àfi pé ẹni tó jókòó ti onígìtá nìkan ni yóò gbọ́. Kíbọ́ọ̀dù kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí okùn, kò sí awọ tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Iná fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń mì títí tó fi di ohùn, ẹnu sípíkà sì ni ohùn náà ti kọ́kọ́ ń kan afẹ́fẹ́. Bí iná bá lọ, ó parí nìyẹn.

Kì í ṣe ohun tó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Thaddeus Cahill, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ rẹ̀, Telharmonium, ní 1897. Èyí tó ṣe lẹ́yìn náà wúwo tó nǹkan bí 200 tọ́ọ̀nù. Leon Theremin ti Rọ́ṣíà ṣe tirẹ̀ ní nǹkan bí 1920, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì ń gbé sókè sódò níwájú rẹ̀ kó tó kọrin. Robert Moog bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1964, ó sì sọ ọ́ di kékeré tó ṣeé gbé ròde ní 1970. Ní 1983, Yamaha gbé kíbọ́ọ̀dù DX7 jáde. Ọdún yẹn náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ orin fẹnu kò lórí MIDI, ìyẹn èdè kan tí kíbọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ kan lè fi bá ẹ̀rọ ìlù ilé iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀. Títí di òní, okùn USB tí ẹ ń fi so kíbọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà, èdè yẹn ló ń gbé kọjá.

Ṣé iná kọ́ ló lé ìlù wa kúrò nínú orin?

Nínú jùjú, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Túndé King ń ṣe jùjú l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, àwọn díẹ̀ ló ń jókòó ṣe é: bánjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù jùjú, àti ohùn. Kò sí gángan níbẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ bánjò àti ohùn èèyàn bí onígángan bá ti gbé ọwọ́ sókè? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni máíkì àti ámpù bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn olórin. Ohùn olórin wá rí agbára tí yóò fi dúró lórí ìlù, ni gángan bá wọlé. Nígbà tí gángan ti wọlé tán, àwọn ìlù yòókù náà tẹ̀ lé e, báńdì èèyàn díẹ̀ wá di báńdì ńlá tí gìtá bíi mẹ́ta mẹ́rin ń dún nínú rẹ̀. Sunny Adé tún mú gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ lù wọlé, èyí tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń lò. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ ń fà bí ohùn ẹni tó ń ké.

Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iná àti ìlù kò lè gbé pọ̀. Iná ló sọ ilé di ńlá fún ìlù.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Hárúnà Ìṣọ̀lá kò fẹ́ràn ẹ̀rọ?

Rárá o! Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, tiwa sì ni ìtàn náà.

Lóòótọ́, kò sí gìtá nínú àpàlà rẹ̀, kò sí kíbọ́ọ̀dù. Agídìgbo ló ń gbé ìsàlẹ̀ orin, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń rọ́, àkúbà ń dáhùn, gángan ń sọ̀rọ̀, baba sì jókòó jẹ́jẹ́ láàárín wọn, ó ń fi ọ̀rọ̀ gún ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá wo èyí nìkan, ẹ óò ní olórin tí ẹ̀rọ kò kàn ni. Ṣùgbọ́n ní 1969, òun àti I. K. Dairo jọ dá ilé iṣẹ́ àwo orin STAR sílẹ̀, kí olórin lè ní àwo ara rẹ̀. Nígbà tó di 1979, ó kọ́ sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, sítúdíò tó ní ojú ìgbohùn 24. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wí, kì í ṣe Èkó.

Kí ni ojú ìgbohùn 24? Tẹ́ẹ̀pù tó fẹ̀ tó íǹṣì méjì ni, ó pín sí ọ̀nà 24 tó ń sáré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ lè fi agídìgbo sí ọ̀nà kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí òmíràn, ohùn baba sí òmíràn, ẹlẹ́gbè sí òmíràn. Bí ẹlẹ́gbè kan bá ṣìnà, òun nìkan lẹ máa tún gbà. Agídìgbo kì í pariwo. Lóde, ìlù lè bò ó mọ́lẹ̀. Nínú sítúdíò báyìí, ẹ lè gbé e sókè títí gbogbo ọwọ́ tí wọ́n fi ń ta á yóò fi hàn. Ẹ̀rọ náà kò fi ohùn kankan kún àpàlà. Ó kàn jẹ́ kí a gbọ́ ohun tó ti wà níbẹ̀.

Ẹ tún wo gígùn orin. Àwo àkọ́kọ́ tí Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣe jáde ní 1948, lórí Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo ìgbà yẹn kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú kan. Olórin tó ń ki èèyàn láti alẹ́ dé ìdájí ní láti há gbogbo rẹ̀ sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta! Nígbà tí àwo ńlá dé, ojú kan gba ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Orin wá gùn, oríkì rí ààyè, onígángan rí ibi tí yóò ti dá sọ̀rọ̀. Orin tó ń kún ojú àwo kan láìdánudúró, tí a mọ̀ mọ́ àpàlà, mọ́ wákà, mọ́ fújì àti jùjú àwọn ọdún 1970, ó ní ọwọ́ ẹ̀rọ nínú. Bàtílì Àlàké, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, gbé wákà wọ inú àwo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sàláwà Àbẹ̀ní gbà á, ó sì gbé e jìnnà.

Kí ló gbé kíbọ́ọ̀dù dé inú fújì, orin tó jẹ́ ìlù àti ẹnu?

Inú wéré ni fújì ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ààwẹ̀. Síkírù Àyìndé Barrister ló sọ ọ́ di fújì, ìlù ló sì fi kún un lọ́pọ̀ yanturu. Wàsíù Àyìndé, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n sì fi jẹ Olórí Ọmọ-Ọba níbẹ̀, ló mú kíbọ́ọ̀dù, gìtá àti sakisofóònù jókòó pẹ̀lú ìlù láìtijú. Adéwálé Ayùbà, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, gba ọ̀nà tirẹ̀: ó fọ fújì mọ́, ó mú un yára, ó sì fi fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ń sọ pé orin àwọn àgbà ni. Láti apá kejì, Ṣínà Peters gbé ìlù fújì wọ inú jùjú ní 1989, kíbọ́ọ̀dù sì wà níbẹ̀.

Ohun tó yí padà kò mọ sí ohùn tuntun tí a ń gbọ́. Kí kíbọ́ọ̀dù tó dé, ibi tí ohùn olórin bá balẹ̀ sí ni ẹlẹ́gbè ń bá a. Bó bá di òru, tí ara rẹ̀ gbóná, ohùn á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, gbogbo báńdì á bá a gòkè, kò sì sẹ́ni tó máa fura. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù dé, ilẹ̀ wà tí kì í yẹ̀. Olórin ní láti mọ kíì rẹ̀, ìyẹn ohùn tí orin rẹ̀ dúró lé. Ó tún rí ibi ìsinmi: oníkíbọ́ọ̀dù lè di kọ́ọ̀dù kan mú, ìyẹn ohùn bíi mẹ́ta tí a tẹ̀ pọ̀, kí ìlù rọlẹ̀, kí baba mu omi, kí wọ́n tó tún gbé e. Ní tèmi, ẹ̀bùn tó dára jù tí kíbọ́ọ̀dù fún fújì nìyẹn. Àwọn fèrè àtọwọ́dá tí wọ́n máa ń tẹ̀ lórí rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Oníwéré ni bàbá mi. Kí ló dé tí ohùn wọn kì í bá kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa mu?

Ẹ má ṣe sọ fún bàbá pé ohùn wọn kò dára. Kíbọ́ọ̀dù ni kò mọ̀ tó wọn.

Láti dò ìsàlẹ̀ dé dò òkè, àtẹ̀gùn 12 ló wà lórí kíbọ́ọ̀dù, ó dọ́gba, kò sí ohunkóhun láàárín èkíní àti èkejì. Àwọn ará Yúróòpù ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè máa ti kíì kan bọ́ sí òmíràn. Ẹnu èèyàn kò ní àtẹ̀gùn. Ohùn oníwéré ń yọ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń dúró sí àárín méjì nínú àtẹ̀gùn wọ̀nyẹn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ké Àlùkùránì wà nínú rẹ̀, ohùn Yorùbá náà wà nínú rẹ̀. Gángan náà rí bẹ́ẹ̀: apá tí onílù ń fún ọ̀sán rẹ̀ mọ́ra kò mọ 12.

Àbọ̀ ọ̀nà àbáyọ wà. Kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lápá òsì ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ń tẹ ohùn sókè tàbí sódò; oníkíbọ́ọ̀dù tó mọ̀ ọ́n lò lè fi tẹ̀lé oníwéré gan-an. Díẹ̀ lára àwọn Yamaha àti Korg tún ní ibi tí ẹ ti lè yí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan padà, nítorí àwọn olórin Lárúbáwá ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ẹ wá a nínú ìwé ẹ̀rọ yín. Bí kò bá sí, kí oníkíbọ́ọ̀dù yé bá bàbá kọrin ní ọ̀rọ̀ọ̀rọ̀. Kó di ohùn méjì péré mú nísàlẹ̀, kó dákẹ́ sókè, kó fi òkè sílẹ̀ fún wọn.

Ọmọ mi máa ń ṣe bíìtì tán kó tó wá ọ̀rọ̀ sí i. Ṣé ó burú?

Ìbéèrè yìí ló ká mi lára jù nínú gbogbo wọn.

Nínú orin wa àtijọ́, ọ̀rọ̀ ló ń ṣíwájú. Olórin á sọ ọ̀rọ̀, ìgbésókè-gbésódò ọ̀rọ̀ náà á di orin, onílù á sì lu ohun tí ẹnu sọ. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè gbọ́ gángan láti ẹ̀yìn ilé kó sì mọ ẹni tí wọ́n ń kì. Kọ̀ǹpútà yí ètò yẹn padà. Ẹ óò ṣí FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe orin, ẹ óò fa kọ́ọ̀dù tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀, ẹ óò fi ìlù sí i, orin ti ń dún kí ọ̀rọ̀ kankan tó jáde. Nígbà tí ọmọ bá wá ń wá ọ̀rọ̀, ó ti ń mì orí sí orin kan tí kò mọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó lọ sílẹ̀ á gòkè, èyí tó yẹ kó gòkè á tẹ́. Ẹni tó ń gbọ́ á jó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé kí ni wọ́n sọ, kò ní mọ̀. Mo ti gbọ́ orin tí wọ́n fi ki ìlú Ìjẹ̀bú-Òde tí orúkọ ìlú náà gan-an dojú dé nínú rẹ̀. Ó dùn mí.

Kò burú láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíìtì. Ohun tó burú ni kí bíìtì máa pàṣẹ fún ahọ́n. Ohun tí mo máa ń ní káwọn ọmọ ṣe rèé: kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n sọ ìlà orin náà lẹ́nu bí ẹni tó ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi fóònù gbà á. Kí wọ́n wá gbọ́ ibi tí ohùn ti lọ sókè àti ibi tó ti wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí wọ́n wá kọ́ọ̀dù tó máa gba ohun tí wọ́n sọ. Bí onígángan bá wà nítòsí, kí wọ́n ní kó lu ìlà náà. Bí onílù kò bá lè lù ú kó yéni, ìlà náà kò tíì jinná.

Kí ló ń fà á tí ìlù kọ̀ǹpútà fi máa ń gan paali?

Nítorí àpótí 16 tó kọ́kọ́ ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìlù rò pé gbogbo orin ayé jẹ́ ìlù mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pín sí mẹ́rin. Kónkóló agogo wa kò sí nínú ìyẹn. Ààyè 12 ló ń rìn nínú rẹ̀, ibi méje ni agogo ń kàn. Bí ẹ bá fẹ́ fi agídí há a sínú 16, ó máa yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ yí àpótí náà sí 12 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, FL Studio gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìlù yín bá jẹ́ ti mẹ́rin bíi ti fújì, ẹ lo bọ́tìnì tí ń fa ìlù kejì sẹ́yìn díẹ̀. Roger Linn fi irú rẹ̀ sínú MPC60, ẹ̀rọ ìlù tí Akai gbé jáde ní 1988: ní 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí fífà rárá; ní nǹkan bí 66, ìlù yóò pín sí mẹ́ta. Fújì máa ń dùn láàárín méjèèjì. Etí ni kí ẹ fi wá a, kì í ṣe nọ́ńbà. Ó sì sàn jù pé kí ẹ pe ẹni tó mọ àkúbà lù, kí ẹ gba ìlù rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ tẹ̀lé e.

Ṣé ẹ̀rọ lè bí irú orin tuntun?

Ó ti bí i lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tó sì ń gbà bí i máa ń yà mí lẹ́nu. Ní 1980, Roland ti Japan gbé ẹ̀rọ ìlù TR-808 jáde. Lọ́dún yẹn náà ni LM-1, ẹ̀rọ ìlù ti Roger Linn, dé, tí ìlù gidi tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Owó LM-1 súnmọ́ 5,000 dọ́là, ti 808 sì lé díẹ̀ ní 1,000. Iná lásán ni 808 fi ń ṣe ohùn, kò jọ ìlù gidi. Ọ̀pọ̀ olórin kò kà á sí. Wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1983, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe nǹkan bí 12,000. Ni wọ́n bá ń tà á ní àlòkù, ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó rà á. Afrika Bambaataa lò ó ní New York ní 1982, láti ìgbà yẹn ni ìlù ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ń gbọ̀n nínú àyà, ti di ti hip-hop.

Ti TB-303, ẹ̀rọ Roland mìíràn, tún ju ìyẹn lọ. Wọ́n ṣe é kó lè máa ta gìtá ìsàlẹ̀ fún onígìtá tó ń dá ṣe ìdánrawò nílé. Kò ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa, àwọn oníbàárà kọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Chicago rà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n ń yí àwọn bọ́tìnì rẹ̀ nígbà tó ń dún lọ́wọ́, ohùn kan tí ẹnikẹ́ni kò retí sì jáde. Bí acid house, irú orin ijó oníná kan, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rọ tó wà ní owó kékeré, ọ̀dọ́ tí kò rí ẹni tó máa sọ fún un pé "kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò ó", àti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jó: mẹ́ta yìí ló ń bí orin tuntun. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Kíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ ń bẹ, ọ̀dọ́ ń bẹ, òde kì í tán lọ́jọ́ Sátidé.

Auto-Tune ń kọ́? Ṣé kì í ṣe fún ẹni tí kò lè kọrin ni?

Andy Hildebrand, ẹni tó ṣe é ní 1997, ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń wá epo rọ̀bì: wọ́n á rán ohùn wọ inú ilẹ̀, wọ́n á sì fi ìṣirò wo bó ṣe padà wá. Ìṣirò irú yẹn ló gbé wọ inú orin. Ẹ̀rọ náà á gbọ́ ibi tí ohùn yín wà, á sì tì í lọ sí àtẹ̀gùn tó súnmọ́ ọn jù nínú 12 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń tì í jẹ́jẹ́, kò ní hàn. Bí ẹ bá ní kó yára gan-an, ohùn á máa fò láti àtẹ̀gùn dé àtẹ̀gùn. Orin Cher ti 1998 ló fi èyí han gbogbo ayé.

Akọrin tó dáńgájíá náà ń lò ó, nítorí náà ẹ má fi bú ẹnikẹ́ni. Ìṣòro tiwa ni pé ibi tí ohùn Yorùbá ti ń yọ̀ ni ẹ̀rọ náà kà sí àṣìṣe. Ẹ dín iyára rẹ̀ kù. Ẹ sì pa á níbi tí ẹ ti ń ki èèyàn.

Ìlù ìsàlẹ̀ amapiano ti gba gbogbo orin ìgboro. Ṣé ti wa ti kú nìyẹn?

Kò kú. Gúúsù Áfríkà ni amapiano ti wá. Asake, olórin ọmọ Nàìjíríà, mú ìlù yẹn, ó fi ohùn fújì àti ẹlẹ́gbè ọ̀pọ̀ èèyàn lé e lórí ní 2022, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. Àyà mi ń já nígbà tí ìlù ìsàlẹ̀ bá kún ibi tó yẹ kí ìlù wa ti dáhùn. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún ìdáhùn ìlù wa.

Àwọn ọmọ Àyàn ń sọ pé kíbọ́ọ̀dù gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ wà níbẹ̀, kò yẹ kí a fi bò. Ẹnì kan ṣoṣo lè gbé kíbọ́ọ̀dù tó ní ìlù nínú wá síbi ìkómọ tàbí ìsìnkú, pẹ̀lú sípíkà méjì, kó sì ṣe iṣẹ́ tí èèyàn mẹ́jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Owó tó yẹ kí mẹ́jọ pín, òun nìkan ló gbà á. Onínàáwó tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbòòrò náà kò jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ń wọlé, òmíràn ń tẹ̀ lé e, àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin. Onígángan á wo ojú ẹni tó ń bọ̀, á mọ ilé tó ti jáde, á sì fi oríkì bàbá ńlá rẹ̀ pàdé rẹ̀. Ẹni náà á dúró, á rẹ́rìn-ín, á tọwọ́ bọ àpò. Kíbọ́ọ̀dù kò mọ ojú. Ibi tí iṣẹ́ onílù ti jẹ́ ìlù lásán ni ẹ̀rọ ti gbà á. Ibi tó ti jẹ́ ìmọ̀ nípa ènìyàn kò tíì súnmọ́ ọn. Ẹ̀yin òbí onílù, ẹ kọ́ ọmọ yín ní oríkì pẹ̀lú ìlù. Ọ̀pọ̀ ọmọ onílù lónìí ló mọ ọwọ́ ìlù dáadáa tí kò mọ ọ̀rọ̀, àwọn wọ̀nyẹn ni ebi ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ bá.

Ọmọ mi ń kọ́ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn?

Gidi ni. Ilẹ̀ wa ni àdúrà yẹn ti bẹ̀rẹ̀: ẹgbẹ́ àdúrà Joseph Sadare fìdí múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú, Josiah Ososhitelu sì dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ ní 1930. Orin àti ìlù kò jìnnà sí irú ìjọ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹnì kan lè dá orin láti ẹ̀yìn láìsọ kíì fún ẹnikẹ́ni. Oníkíbọ́ọ̀dù ní láti wá a kí ìlà kejì tó dé. Etí tó bá gba irú ẹ̀kọ́ yìí kì í tètè dí.

Àléébù kan wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń fi kíì kan ṣoṣo ṣe gbogbo orin, wọ́n á kàn máa tẹ bọ́tìnì tí ń sún kíì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bá ara wọn lórí dùùrù tí kò ní bọ́tìnì, ọwọ́ á kú. Ẹ ní kí ọmọ fi orin kan náà kọ́ kíì 12.

Irú kíbọ́ọ̀dù wo ni kí n rà fún un?

Kó ní kọ́kọ́rọ́ 61 ó kéré tán, kí ó sì mọ ìyàtọ̀ nígbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ líle àti nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Kó ní kẹ̀kẹ́ tí ń tẹ ohùn. Kó ní ojú USB tàbí MIDI. Iye ohùn tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ lára wọn ni ọmọ kò ní fọwọ́ kàn láéláé. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó, ẹ sì yí bọ́tìnì ohùn láti ìsàlẹ̀ dókè: bó bá ń ta fàrà-fàrà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà fóòtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, àti apá tí àmì àròpọ̀ wà. Ádápítọ̀ tí kò bá a mu lè jó o lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tan kíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá ń yí jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró dáadáa ná. Bí iná ìjọba bá sì lọ lójijì, ẹ yọ ọ́ kí iná tó padà, nítorí àsìkò tó ń padà gan-an ló máa ń bà á jẹ́.

Ṣé mo lè gé lára àwo àpàlà àtijọ́ fi ṣe bíìtì?

Ẹ gba àṣẹ kọ́kọ́. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ti ẹni tó kọ orin, àti ti ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, dáàbò bo méjèèjì. Pé ẹni náà ti kú kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ. Bí apá yín kò bá ká a, ẹ wá alágídìgbo kó ta tuntun fún yín, kí ẹ sì sanwó fún un.

Báwo ni mo ṣe lè gba gángan sílẹ̀ nílé, tí mi ò ní sítúdíò?

Ẹ wá yàrá tí aṣọ pọ̀ nínú rẹ̀, yàrá ibùsùn dára ju pálọ̀ alámọ́lẹ̀ lọ. Ẹ gbé máíkì tàbí fóònù sí iwájú awọ tí kọ̀ǹgọ́ ń lù, kó jìnnà tó apá kan sí i, kó má dojú kọ ọ́ gan-an, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Bó bá súnmọ́ jù, kọ̀ǹgọ́ nìkan lẹ óò gbọ́, ohùn ọ̀rọ̀ á sọnù. Ẹ jẹ́ kó lu ibi tó le jù nínú orin náà kí ẹ fi wọn ohùn, kó má kọjá ojú pupa. Kí onílù wọ etí fóònù kan ṣoṣo láti gbọ́ bíìtì, kí etí kejì ṣí sílẹ̀ fún ìlù ara rẹ̀.

Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, kó tẹ̀lé bíìtì. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pa bíìtì, kí olórin kọrin, kí onílù máa dá a lóhùn. Ẹ gbọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kejì kí ẹ tó yan èyí tí ẹ máa lò.